Wíjẹ́ẹ̀tì tí ò mọ ọjọ́ ọjà kà

Okun o, gbogbo ilé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Kàbà níbí ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ń wo kóòdù àtijọ́ kan tí mo ní kó bá mi tún ṣe, ló bá pè mí, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ẹ ṣàṣìṣe níbí o, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún lẹ ní kó máa kà, mẹ́rin lẹ wá kọ síbẹ̀." Mo wo ẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nọ́ńbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá oníyàá lọ ọsibítù lọ́dún 2009, ẹ̀bi mi ni, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán àfi èmi àti èèyàn méjì. Mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ti pẹ́, ọdún 2009. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa (ìlú kékeré kan ni ní Ìjùmú, ẹ jẹ́ n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀) ní ẹ̀ka ní Àbújá, ní Èkó, ní London, ní Amẹ́ríkà. Akọ̀wé wọn ní Houston, ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe pé a bá ara wa tan, ìyá ẹ̀ àti ìyá mi ló jọ ń tajà láti ìgbà tí a ò tíì gbọ́njú. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Àbúrò, láàárọ̀ tí a bá ti ṣí kọ̀ǹpútà níbí, pèéjì kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jáde, ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, ìròyìn wà níbẹ̀, ìmeèlì wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ilé nìkan ni ò sí níbẹ̀. Ṣé o lè bá wa fi ilé síbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí fóònù nìkan lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀. Nígbà yẹn èèyàn máa ń ní pèéjì kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ tò, bí ẹni tó to yàrá. Yahoo ti ń ṣe tiẹ̀ látọdún 1996, My Yahoo. Google bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, nígbà tó di 2007 wọ́n sọ ọ́ ní iGoogle. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Tariq Krim náà wà ní Paris tí òun àti ẹnìkejì ẹ̀ dá Netvibes sílẹ̀ ní 2005 kan náà. Apple ti gbé irú ẹ̀ wọ inú Mac, kọ̀ǹpútà wọn, lọ́dún yẹn, Dashboard ni wọ́n pè é, Windows Vista náà wá dé pẹ̀lú tiẹ̀ ní 2007, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n ń tò ó sí. Àwọn àpótí kéékèèké ló wà lórí gbogbo wọn, ọ̀kan ń sọ aago, ọ̀kan ń sọ òjò, o lè fọwọ́ wọ́ ọ lọ sókè, o lè wọ́ ọ wá sísàlẹ̀. Àpótí yẹn là ń pè ní wíjẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá lè kọ JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún pèéjì, lè kọ ọ̀kan, ìyẹn gan-an ló dùn nínú ẹ̀, ọmọ Ìjùmú tó jókòó sí Kàbà lè ní àpótí lórí pèéjì ẹnì kan ní Houston láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọba kankan.

Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ nínú àpótí ọ̀hún. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni: ọjọ́ ọjà, ìkéde ẹgbẹ́, àti fọ́tò òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Fọ́tò ò ní wàhálà. Ìkéde, mo mọ̀ pé a máa rí i ṣe. Ọjọ́ ọjà, mo ní ìyẹn ni yóò rọrùn jù, ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo wá bèèrè pé pèéjì wo ni wọ́n ń lò. Háà. Ẹ̀gbọ́n ń lo iGoogle. Àwọn ti London, Netvibes ló pọ̀ jù láàárín wọn. Dókítà kan wà tó ní Mac, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan míì sétí. Alága fúnra wọn, Vista ni. Gbogbo wọn ló sì ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fẹ́ kí n gbà kọ ọ́: Google ń fẹ́ fáìlì XML (fáìlì alámì tí òfin ìkọ̀wé ẹ̀ le) tí wọ́n ń kọ Module àti ModulePrefs sí lórí, Mac ń fẹ́ fódà tó ní fáìlì bíi mélòó kan nínú, Vista ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní tí mo bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni n ó máa tún un ṣe nígbàkúùgbà tó bá bàjẹ́, èmi tó jẹ́ pé kafé oníwákàtí ni mo ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì gidi, módẹ̀ẹ̀mù tí mo rà, àfi kí n gbé e lọ sójú fèrèsé kí n sì máa bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni kiní kan tí àwọn Netvibes ṣe, UWA, Universal Widget API. Fáìlì XHTML kan ṣoṣo lo máa kọ, orúkọ wíjẹ́ẹ̀tì, ohun tí oníkálùkù lè yàn, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá bá ẹ wé e fún Netvibes, fún iGoogle, fún Mac, fún Vista, fún Opera pàápàá. Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ro àlejò tó wọlé onílé tí òùngbẹ ń gbẹ. Àlejò tó mọ ìwà hù ò ní dìde wọ ilé ìdáná lọ bu omi fúnra ẹ̀, á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi", torí onílé ló mọ ibi tí àmù òun wà, àmù ilé yìí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ti ilé kejì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí o bá kọ document.write, pé kí kóòdù rẹ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nǹkan sórí pèéjì, o ti wọ ilé ìdáná onílé nìyẹn. Tí o bá kọ widget.setBody, pé kí onílé bá ẹ gbé e síbẹ̀, o bèèrè omi. Tí o bá fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó ni pèéjì yàn, widget.getValue, o bèèrè. Tí o bá fẹ́ mú nǹkan láti sáìtì míì, UWA.Data.getText, o rán onílé níṣẹ́, torí burawúsà, ohun tí a fi ń ṣí pèéjì, ò ní jẹ́ kí kóòdù tó wà lórí sáìtì kan lọ fọwọ́ ara ẹ̀ kó nǹkan lórí sáìtì ẹlòmíì, sáfà onílé, kọ̀ǹpútà tó ń gbé pèéjì wọn, ló máa bá ẹ lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Títí dòní mi ò tíì rí nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí tó jọ ilé wa tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Alẹ́ kan odindi ló bá àmì & kan lọ. Líǹkì ìkéde ẹgbẹ́ ní & nínú, XML ò sì gbà kí & máa rìn lóun nìkan, àfi kí o kọ ọ́ ní &, tí o bá gbàgbé, àpótí funfun báláú lo máa rí, kò ní sọ ohun tó ń dùn ún. Jẹnẹrétọ̀ ń hó, epo ń tán, èmi ń wo funfun. Ti lẹ́tà Yorùbá náà tún wà níbẹ̀. Notepad inú Windows XP ni mo ń lò, tí o ò bá ti yan UTF-8, ètò tó mọ lẹ́tà alámì tọ́jú, nígbà tí o ń tọ́jú fáìlì, gbogbo Ọ á di àmì ìbéèrè, "?jà" ló kọ sórí wíjẹ́ẹ̀tì mi, bíi pé òun gan-an ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ẹ̀gbọ́n ní kí n kúkú kọ ọ́ láìsí àmì. Mo ní rárá o, tí a bá máa gbé ilé lọ fún wọn, kí a gbé e lọ pẹ̀lú ẹnu ẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ ọjà. Ọjà wa, ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, àwọn ìlú tó yí wa ká pín ọjọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí ọjà má baà pa ọjà, ni mo bá ní kí oníkálùkù lè yan ọjà ìlú ìyá ẹ̀ nínú mẹ́rin. Ẹ ò rí nǹkan. Mẹ́rin! Ọjà mẹ́rin ló yípo ara wọn, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀, mi ò tún bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ márùn-ún. Mo kọ kóòdù mi: mú ọjọ́ òní, kà á láti ọjọ́ ọjà kan tí mo mọ̀, fi márùn-ún pín in, tí ò bá ṣẹ́ ku nǹkan kan, kọ "Ọjà lónìí" gàdàgbà. Tó bá ṣẹ́ kù, sọ iye ọjọ́ tó kù.

Ọjọ́ ọjà gan-an la ṣí i. Mo wà nílé, ìyá mi ń di ẹrù, mo ṣí kọ̀ǹpútà, "Ọjà lónìí". Orí mi wú. Àwọn ti Houston pè, àwọn ti London pè, ẹnì kan sunkún lórí fóònù nítorí fọ́tò òkè, mo jẹ́ ọmọ gidi lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n pè mí. Ohùn ẹ̀ ò dùn. Ó ní láti ìgbà tí wíjẹ́ẹ̀tì ti dé, gbogbo ìgbà tó bá ti kọ "Ọjà lónìí" lòun máa ń pe Màmá òun láti kí wọn kú ọjà, pé tàkọ́kọ́, Màmá ní ọjà ti lọ lánàá. Èkejì, wọ́n ní ọjà ti lọ níjẹta. Tòní, wọ́n ní ọ̀la ni ọjà. Ó ní, "Àbúrò, ṣé kiní yẹn dáa ṣá?" Mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ẹ gbọ́ ìtìjú. Ọjọ́ márùn-ún sígbà yẹn mo ní òkú tí mo fẹ́ bá wọn sin nílé. Mo dé ìlú, ọjà kún, èèyàn ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún èèyàn, mo ṣí kọ̀ǹpútà lábẹ́ igi, "Ọjà lónìí". Ó bá a mu géérégé. Mo pe Ẹ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀, mo ní ojú ọjà ni mo wà yìí o, ojú mi ló ṣe, kò sí nǹkan tó ṣe kóòdù. Mo tún wá fi kún un, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ irú ẹ̀ mọ́, mo ní "bóyá Màmá ló ń ṣi ọjọ́ kà, àgbà ti ń dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, wíjẹ́ẹ̀tì kọ "Ọjà lónìí", Màmá ní àná ni. Ọjọ́ márùn-ún míì, Màmá ní ìjẹta ni. Ọjọ́ márùn-ún míì, Màmá ní ọ̀la ni. Ẹ̀gbọ́n ò sùn mọ́. Ó ti ń kà nípa àìsàn ìgbàgbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti bá àbúrò ẹ̀ tó wà ní Àbújá sọ ọ́, wọ́n ti ń fi owó jọ. Ó pè mí, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n wá bá òun mú Màmá lọ rí dókítà, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ló ní kí n wá.

Mo gun ọ̀kadà lọ. Mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń to iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní okun o, ọmọ mi, kí ló gbé ẹ wá lóòrùn yìí. Mo ń fi ọgbọ́n bi wọ́n léèrè, orúkọ àwọn ọmọ, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Wọ́n dá gbogbo ẹ̀ lóhùn, wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó débi kọ́bọ̀ tó kù. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló rán ẹ, àbí? Ó ní mi ò mọ ọjọ́ kà mọ́. Bí ó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, á ní ẹ kú ọjà lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, n ó wí fún un, á dákẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní orúkọ bàbá mi." Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Mo ní Màmá, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní báwo ló ṣe ń kà á. Mo ní ọjà wa ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, márùn-ún-márùn-ún ló ń kà. Wọ́n ní kí n ka tèmi kí àwọn gbọ́. Mo gbé iṣu kan kalẹ̀, mo ní ọjọ́ ọjà nìyí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí kà látorí èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Màmá fẹsẹ̀ ti iṣu ìkẹyìn kúrò. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?" Wọ́n padà sórí iṣu àkọ́kọ́, wọ́n na ọwọ́ sí i. "Òní, ọ̀kan. Ọ̀la, èjì. Ọ̀tunla, ẹ̀ta. Ẹ̀rìn. Ọrún. Ọrún dé, ọjà dé. Èyí tí o fò yẹn, ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ṣé ẹ rí i báyìí? Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọrún, márùn-ún ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ mẹ́rin ló máa kọjá kí o tó dé ibẹ̀. Ìsán, mẹ́sàn-án ni, mẹ́jọ ló ń kọjá. Ìtàdógún táwọn ẹlẹ́sùúsú máa ń dá owó sí, mẹ́tàdínlógún ni lẹ́nu, mẹ́rìndínlógún ni lẹ́sẹ̀, ọjà mẹ́rin géérégé. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn, láti òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, òdo ni òní jẹ́ lójú ẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sójú ọjà, tí wọ́n gbé sẹ́yìn lọ ọjà kí n tó lè rìn, mo gba ti kọ̀ǹpútà gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi bá a mu lọ́jọ́ ìsìnkú? Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i, mo fọwọ́ lu orí. Ọjà gidi ń bọ̀ ní ọjọ́ 4, 8, 12, 16, 20. Wíjẹ́ẹ̀tì mi ń pè é ní 5, 10, 15, 20. Ogún nìkan ni wọ́n ti pàdé. Ọjọ́ ogún lẹ́yìn tí a ṣí i gan-an ni mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ogún tí irọ́ mi jọ òótọ́, ọjọ́ yẹn ni mo yàn, mo fi pe ìyá oníyàá ní arúgbó. Láti ìgbà yẹn mi ò fi ẹ̀ẹ̀kan yẹ nǹkan wò mọ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́, mo máa ń jẹ́ kí ó ka oṣù mẹ́ta síwájú, n ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, n ó gbé e fún ẹni tó ń tajà.

Mo yí 5 sí 4. Lẹ́tà kan. Mo tún bá nǹkan míì níbẹ̀ tí ì bá tún dójú tì mí. Kóòdù mi ń bi kọ̀ǹpútà ẹni tó ń wò ó pé ọjọ́ wo la wà, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjì òru ọjọ́ kejì ni nílé wa, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ṣí i lálẹ́, ọjọ́ àná ló ń wò. Ìyẹn rọrùn torí Nàìjíríà kì í yí aago, wákàtí kan ni a fi ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Mo gba iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá látọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, mo fi 3,600,000 kún un, mo fi 86,400,000 pín in, mo ju èyí tí kò pé odindi ọjọ́ nù, mo wá fi mẹ́rin pín in kí n wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ibi yòówù kí o jókòó sí láyé, aago ilé ni ò ń wò.

Mo gbé e sókè, mo ní ó ti parí. Kò parí. Ẹ̀gbọ́n pè, ó ní márùn-ún ṣì ni. Àwọn sáfà tí wọ́n ń gbé wíjẹ́ẹ̀tì káàkiri máa ń tọ́jú ẹ̀dà sọ́wọ́, kí wọ́n má baà máa sáré wá sọ́dọ̀ ẹ ní gbogbo ìṣẹ́jú, tí o bá ti yí nǹkan, àfi kí o dúró kí ẹ̀dà yẹn gbó. Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn gbàgbé ni. Lórí ọjọ́ ọjà, ẹ̀rín lásán ni. Lórí ìkéde, kì í ṣe ẹ̀rín o. Bàbá kan kú nílùú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ fi ìsìnkú sí ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tó di ọ̀sán wọ́n ní kí a sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan torí àbúrò òkú ò ní lè dé láti òkè òkun. Mo yí i lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní Maryland ṣí pèéjì ẹ̀ lálẹ́, ẹ̀dà àtijọ́ ló rí, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lóru yẹn. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú òkú dé. Kò bá mi jà, ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ yẹn pààrọ̀ páànù ilé bàbá òun, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá pàdé, á ní "ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Mo ṣe nǹkan méjì. Ìkíní, mo ń fi wákàtí tí a wà lẹ́yìn líǹkì ìkéde kí sáfà tó ń lọ mú un wá lè rò pé líǹkì tuntun ni, kó lọ mú tuntun. Ìkejì, mo kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo ìkéde, "a kọ èyí ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí." Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú tàkọ́kọ́, ìkejì ló wúlò jù, ẹni tó bá rí i pé àárọ̀ ni wọ́n kọ ọ́, á tẹ èèyàn láago kó tó náwó.

Ìgbà tó di oṣù keje ọdún 2012, Google kéde pé àwọn máa ti iGoogle pa ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Oṣù yẹn kan náà ni Microsoft sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n pa àwọn wíjẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ Vista wọn, pé olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Netvibes ti bọ́ sọ́wọ́ Dassault Systèmes lọ́dún yẹn. Ti Mac ló pẹ́ jù, ọdún 2019 ni Apple tó yọ Dashboard kúrò pátápátá. Gbogbo ilé tí mo ti ń ṣe àlejò, wọ́n ń wó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé a máa tún kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo ṣí fáìlì yẹn, mo kà á. Ibi tí mo ti ń bi onílé ní omi ò ju ìlà bíi mélòó kan lọ, òun náà ni mo yọ, ìkéde tó kù mo gbé e wá sórí sáìtì ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ kó má baà sí pé a ń rán ẹnikẹ́ni, ìṣirò ọjọ́ ọjà ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan látilẹ̀wá. Pèéjì HTML lásán ló dà, ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ á fi sínú iframe, fèrèsé kékeré tó ń fi pèéjì kan hàn nínú òmíì, lórí pèéjì tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á jẹ́ kó jẹ́ ohun tí burawúsà kọ́kọ́ ń ṣí, ìgbà tí fóònù wá dé, wọ́n ń fi í sí ojú fóònù bí ẹni fi kálẹ́ńdà kọ́ ògiri.

Pèéjì yẹn náà ni ọmọ yìí ń tún ṣe lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti rí mẹ́rin. Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún un, ó ń mi orí, ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó gbà. Ọmọ Lọ́kọ́jà ni, wọ́n ń ṣọjà lójoojúmọ́ níbẹ̀. Mo ní kó lọ bá Màmá, wọ́n wà láyé, ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn wọ́n. Àná ló lọ, kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gbé iṣu márùn-ún dé, kò sọ̀rọ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tó lọ tán mo lọ wo ohun tó ṣe. Kò fọwọ́ kan mẹ́rin. Ó kàn kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: // òní wà nínú ẹ̀.